Ẹ Má Padà Sídìí Rìláásà Nítorí Pé Irun Yín Gbẹ

Ọ̀rọ̀ ìlera tòní dá lórí orí. Kì í ṣe orí fífọ́, irun orí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó kọjá pé ọ̀rọ̀ oge lásán ni. Tí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ó kan ara, ó kan àpò, ó sì kan àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tó wà nílé yín.

Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti pinnu pé àwọn ò ní fi rìláásà sórí mọ́. Oṣù kìíní, inú wọn á máa dùn. Oṣù kẹta, ìdí irun á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Nígbà tó bá fi máa di oṣù karùn-ún, irun ti gbẹ bíi koríko ìgbà ọyẹ́, ó ń já sínú òòyà, ó sì ń dà sórí ìrọ̀rí. Onídìrí á wá sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, irun yín ti le jù, ẹ jẹ́ ká fi díẹ̀ sí i kó lè rọ̀.” Wọ́n á gbà. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èrò tèmi rèé, n kò sì ní fi bọpo bọyọ̀: irun gbígbẹ kì í ṣe ìdí tó tó láti padà sídìí rìláásà. Ìtọ́jú rẹ̀ kò le, kò sì gba owó rẹpẹtẹ. Ohun tó ń lé àwọn obìnrin padà ni pé kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wọn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí wọn gan-an.

*Kí ló ń mú irun gbẹ?*

Rìláásà kì í ṣe ìpara bíi fasilíìnì. Kẹ́míkà ni. Nínú irú èyí tó le jù, ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni sodium hydroxide. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn tó ń se ọṣẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: òun ni wọ́n ń pè ní kọ́sítíìkì sódà. Èyí tí wọ́n kọ “no-lye” sí lára páálí rẹ̀ kò ní kọ́sítíìkì nínú lóòótọ́, àmọ́ calcium hydroxide àti guanidine carbonate ni wọ́n máa ń pò pọ̀ ṣe é. Òun náà ń jó irun, ó sì tún máa ń fi kálísíọ̀mù sílẹ̀ lára irun, èyí tó ń mú kó gbẹ ju ti kọ́sítíìkì lọ nígbà mìíràn. Tí a bá fi òṣùwọ̀n pH wọ̀n ọ́n, awọ ara àti irun wa máa ń wà ní nǹkan bíi 4.5 sí 5.5. Rìláásà máa ń wà ní nǹkan bíi 12 sí 14. Ẹ wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó.

Ẹ gbójú sókè wo òrùlé. Bí wọ́n ṣe to páànù, tí ti òkè gun ti ìsàlẹ̀ díẹ̀ kí òjò má bàa wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni èèpo irun ṣe tò léra wọn. Rìláásà á ká àwọn páànù yẹn sókè, á wọ inú irun lọ, á sì já àwọn ìdè tó ń mú un lọ́ pọ̀. Ìdè tó bá ti já báyìí kò ní so padà mọ́. Ìdí nìyẹn tí irun tó ti jẹ rìláásà kò fi lè padà di irun àdámọ́ láéláé, òróró yòówù kí ẹ fi pa á, owó yòówù kí ẹ ná lé e. Irun àdámọ́ tí ẹ ń retí ni èyí tó ń hù bọ̀ láti ìdí. Bíi sẹ̀ǹtímítà kan ló ń hù lóṣù. Ti ẹlòmíràn dín díẹ̀, ti ẹlòmíràn lé díẹ̀.

Nítorí náà, ní oṣù kẹfà, oríṣi irun méjì ló wà lórí yín. Nísàlẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 6 irun tuntun tó lọ́, tó sì lágbára. Lókè rẹ̀, irun àtijọ́ tó nà, tó sì ti rẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ló rọ jù lọ, ibẹ̀ gan-an ló sì ń já. Ẹ fi sọ́kàn pé gbígbẹ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Irun àtijọ́ gbẹ nítorí pé òrùlé rẹ̀ ti ṣí, omi kò dúró nínú rẹ̀. Irun tuntun gbẹ nítorí pé ọ̀rá tí awọ orí ń ṣe kò lè tètè gba kọ́nà kọ́nà ara rẹ̀ dé orí. Bí Ọlọ́run ṣe dá irun tiwa nìyẹn. Kò ní àrùn kankan.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ ìtàn àwọn òṣómàáló, àwọn baba wa tó ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san owó wọn. Àwìn ni rìláásà ń tà fún wa. Ó kọ́kọ́ fún wa ní irun tó rọ̀, tó ń dán. Irun gbígbẹ tí ẹ ń rí yìí ni òṣómàáló tó wá gbowó. Ẹni tó bá tún padà lọ fi rìláásà sórí torí kí irun lè rọ̀, ó kàn ń ra àwìn mìíràn láti fi san gbèsè ti àkọ́kọ́ ni.

*Omi ṣáájú, òróró tẹ̀ lé e*

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé tí irun bá ti gbẹ, òrí ni à ń mú. Òrí dára, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ kò sí omi nínú òrí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó ti ilẹ̀kùn mọ́ omi tó ti wà nílé. Tí ẹ bá fi òrí pa irun tó gbẹ, ilé òfìfo lẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ yẹn. Irun á máa dán lóòótọ́, àmọ́ á ṣì máa já.

Bí ẹ ó ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ máa fọ irun lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kan, tàbí lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, kó má pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ fi àdí àgbọn díẹ̀ pa á, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan tàbí kó sùn mọ́ orí. Ọ̀rọ̀ àgbàdo ọ̀nà kọ́ nìyí: àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nílẹ̀ Íńdíà tí wọ́n gbé ìwádìí jáde ní ọdún 2003 rí i pé àdí àgbọn máa ń wọ inú irun, ó sì ń dín bí irun ṣe ń pàdánù èròjà purotéènì rẹ̀ kù nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́. Ẹ pín irun sí ọ̀nà mẹ́rin, kẹ́ ẹ fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó má bàa ta kókó. Awọ orí ni ẹ máa fi ọwọ́ ra; ẹ jẹ́ kí ìfófòó ṣàn gba ara irun kọjá.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi kọndíṣọ́nà sí i dáadáa. Ìgbà tí irun bá tutù, tí kọndíṣọ́nà sì wà lára rẹ̀, ni kẹ́ ẹ fi òòyà eléyín gbígbòòrò ya á. Orí irun lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa bọ̀ ní ìdí díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti ìdí bẹ̀rẹ̀ ń fa kókó gbogbo mọ́ ibi tí irun méjèèjì ti pàdé, á sì já. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yẹn bá òòyà mu ju ohunkóhun lọ.

Tí ẹ bá ti ṣan kọndíṣọ́nà kúrò, tí irun ṣì tutù, ẹ fi ìpara irun tó ní omi nínú pa á, kẹ́ ẹ tó wá fi òrí tàbí àdí àgbọn díẹ̀ tì í pa. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ bu omi sínú ike afọ́nmi, kẹ́ ẹ máa fọ́n ọn sí irun ní ọjọ́ méjì-méjì, kẹ́ ẹ sì fi òrí díẹ̀ ra orí irun. Tó bá di alẹ́, ẹ wé gèlè sáténì tàbí kẹ́ ẹ fi sáténì bo ìrọ̀rí, nítorí pé aṣọ òwú máa ń fa omi inú irun, ó sì máa ń ha á.

Nígbà ọyẹ́, láàárín Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejì, ẹ fi kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn gílísárìn, ẹ ṣọ́ra lásìkò yẹn. Iṣẹ́ gílísárìn ni pé kó máa fa omi. Tí kò bá sí omi nínú afẹ́fẹ́, inú irun yín ló lè ti fà á jáde. Ẹ là á mọ́ omi púpọ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ títí òjò yóò fi dé.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí yóò bí àwọn kan nínú: ọṣẹ dúdú kọ́ ni ọ̀rẹ́ irun tó ti jẹ rìláásà. Eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, eérú sì ń ṣí èèpo irun sílẹ̀ ni. Ẹ ó sọ pé òun ni ìyá yín àgbà fi fọ orí títí tó fi darúgbó. Òótọ́ ni, àmọ́ orí wọn kò jẹ rìláásà rí. Ẹ wá ṣampú tí kò le, tí wọ́n ṣe fún irun gbígbẹ. Tó bá jẹ́ ọṣẹ dúdú nìkan lẹ ní, ẹ là á dáadáa mọ́ omi, kẹ́ ẹ má sì fi pẹ́ lórí, kí kọndíṣọ́nà sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ẹyin adìyẹ àti mayonnaise tí wọ́n ní ẹ máa dà sórí ńkọ́? Purotéènì inú ẹyin tóbi ju ohun tó lè wọ inú irun lọ. Ẹ dín in jẹ, ara yín á rí i lò dáadáa.

*Irun kíkó, ọgbọ́n tiwa*

Òṣogbo ni ìlú tí òòyà jẹ́ ara ohun tí wọ́n fi mọ òrìṣà odò rẹ̀. Ìlú bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa wá ọgbọ́n irun lókèèrè. Ní ọdún 1968 ni ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà nì, J.D. ’Okhai Ojeikere, bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, ó sì yà tó nǹkan bí 1,000 kó tó papò dà ní ọdún 2014. Kárí ayé ni wọ́n ti ń lọ wo àwòrán wọ̀nyẹn. Púpọ̀ nínú irun inú rẹ̀ ni àwọn ìyá wa fi òwú kó.

Irun kíkó yìí gan-an ni mo rò pé ó dára jù fún ẹni tó ń fi rìláásà sílẹ̀. Òwú á na irun tuntun láìlo iná, kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti nà tẹ́lẹ̀. Ó bo irun látòkè délẹ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ kò ní tètè gbẹ omi inú rẹ̀. Ìdì òwú kan kò tó nǹkan rárá ní Ọjà Ọba tàbí ní ọjà Atakúnmọ́sà. Àwọn ọ̀dọ́ ní ó ń jọ irun ará oko. Ẹ kó o lálẹ́, kẹ́ ẹ tú u láàárọ̀, kẹ́ ẹ fi irun yín tó ti nà ṣe ohun tó wù yín; kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Irun dídì bíi ṣùkú tàbí kòlẹ́sẹ̀ náà dára, tí kò bá ti le.

Tí kò bá ti le, mo tún un sọ. Ìyá mélòó ló máa ń dirun tán tó máa ń lo parasítámọ́ò kó tó lè sùn? Ìrora yẹn kì í ṣe ara ẹwà. Irun tí wọ́n ń fà mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń mú kí iwájú orí pá, tó bá sì pẹ́, kò ní hù mọ́. Tó bá ń dùn yín, ẹ sọ fún onídìrí kó tú u. Owó yín ló ń gbà.

*Ṣé dandan ni kí n gé e?*

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá wù yín, ó dára, ìṣòro irun oríṣi méjì parí lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Iṣẹ́ wà tí irun gígé kì í rọrùn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò sì fẹ́ rí orí ara wọn bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kẹ́ ẹ máa gé díẹ̀díẹ̀ lórí irun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Láàárín ọdún kan sí méjì, ti àtijọ́ á ti tán. Ohun tí kò dára ni kẹ́ ẹ máa fi iná àti dráyà gbígbóná na irun tuntun kó lè bá ti àtijọ́ dọ́gba. Iná náà ń ba irun jẹ́.

*Kí nìdí tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu lórí èyí?*

Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá irun. Ní ọdún 2009, Olasode, dókítà awọ ara ní Ilé-Ifẹ̀, gbé ìwádìí jáde lórí ìpalára tí rìláásà ń ṣe fún àwọn obìnrin ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níbí. Ní ọdún 2012, àwọn olùṣèwádìí tó ń tọ ipasẹ̀ ìlera àwọn obìnrin dúdú ní Amẹ́ríkà rí i pé fáíbírọ́ìdì, tí àwọn àgbà ń pè ní ìju, pọ̀ díẹ̀ lára àwọn tó ń lo rìláásà ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ìwádìí mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà lórí obìnrin 33,497, tí wọ́n tọ ipasẹ̀ wọn fún nǹkan bí ọdún 11. Lára àwọn tí kò lo ohun tí ń na irun rí, wọ́n ṣírò pé 1.64 nínú 100 ni yóò ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ kí wọ́n tó pé ẹni 70 ọdún. Lára àwọn tó lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún, ó jẹ́ 4.05 nínú 100.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, ká má fi dẹ́rù bara wa. Ìwádìí wọ̀nyí fi hàn pé nǹkan méjì ń rìn pọ̀. Wọn kò tíì fi hàn pé ọ̀kan ló bí èkejì. Púpọ̀ àwọn tó ń lo rìláásà ni kò ní ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí bú obìnrin kankan. Àmọ́ tí nǹkan bá ní irú iyèméjì yìí lára, tí a sì lè gbé ayé wa láìlò ó, èmi rò pé ọlọ́gbọ́n á fà sẹ́yìn. Àwọn ọmọ kéékèèké ló kàn mí jù. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè sọ pé òun fẹ́ tàbí òun kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi rìláásà sórí ọmọ nítorí Ọdún Iléyá tàbí Kérésì. Bí irun rẹ̀ bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ gé e, tàbí kẹ́ ẹ kó o fún un.

Ẹ̀yin onídìrí, ọ̀rọ̀ yìí kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ń tọ́jú irun àdámọ́ nílò ẹni tó lè fọ̀ ọ́, tó lè yà á láìfà á já, tó sì lè kó o. Ẹ kọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì gba owó iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń fi rìláásà sórí èèyàn, ẹ máa wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ sì ṣí fèrèsé. Ẹ̀yin ọkọ náà, ọ̀rọ̀ bíi “irun rẹ rí játijàti” ti lé ọ̀pọ̀ obìnrin padà sídìí ike rìláásà. Ẹ dákẹ́ tí ẹ kò bá ní ohun rere sọ, tàbí kẹ́ ẹ bá wọn ra òrí bọ̀.

*Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ rí dókítà*

Kì í ṣe gbogbo irun tó ń já ni ti gbígbẹ. Tí irun bá ń tú láti gbòǹgbò, tí àárín orí ń fẹ́ lẹ́ sí i, tí orí ń yún tàbí tó ń ṣe ọyún, tí ojú ibi kan pá róbótó, ẹ má fi òróró pa á mọ́. Obìnrin tó bímọ ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin sẹ́yìn lè rí i kí irun máa tú. Ìyẹn sábà máa ń tán fúnra rẹ̀. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè ti dín lára rẹ̀, irun á sì máa tú nítorí rẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIOSUN ní Òṣogbo, tàbí Wesley Guild ní Iléṣà, tàbí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Ilé-Ifẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n darí yín sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Ẹ lọ kó tó pẹ́, torí pé ibi tí àpá bá ti bo gbòǹgbò irun, kì í hù mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní oṣù karùn-ún báyìí, tí irun yín ń já, tí ọkàn yín sì ń sọ pé kẹ́ ẹ padà: ẹ fi omi sí i lónìí. Ẹ fi kọndíṣọ́nà yà á. Ẹ fi òwú kó o kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kẹ́ ẹ tó pinnu ohunkóhun.

Tí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣe yín láǹfààní, ẹ fi ránṣẹ́ sí onídìrí yín, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ìyá kan tó ní ọmọbìnrin nílé. Irun yín kò ní já, orí yín kò ní burú. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.